Èéfín Funfun Mọ́tò Alhaja

Òórùn ọ́ìlì tó jóná ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí bí mo bá ronú kan ọgbà mẹkáníìkì wa ní Kúbwà, òórùn ọ́ìlì àti ti eruku ọyẹ́. Bí ọyẹ́ bá mú ní Àbújá, kò sí mọ́tò tí kì í tu èéfín funfun láàárọ̀. Sàlẹ́ńsà gbogbo wọn á máa rú bí ìkòkò ẹ̀kọ tó ń hó, bí ẹ́ńjìnnì bá sì ti gbóná, èéfín á lọ. Èyí tí kì í lọ ló máa ń bà wá lẹ́rù. Mo ti lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún nígbà náà, mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi nínú ọgbà yẹn, òpó irin mẹ́rin àti páànù lásán, ṣùgbọ́n lójú ara mi, kò sí mẹkáníìkì tó tó mi láti Kúbwà dé Dutse Alhaji. Ìwọ náà mọ bí ọjọ́ orí yẹn ṣe máa ń pa èèyàn bí ọtí.

Alhaja kan wà nígbà náà, ará Ìlọrin, tó ń ta aṣọ, tó sì jẹ́ olórí àwọn obìnrin nínú ẹgbẹ́ àwọn ará ilé wọn ní Kúbwà. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti rí púpọ̀ nínú àwọn oníbàárà mi. Mọ́tò rẹ̀ kékeré, àmọ́ ó ní tọ́bò, ẹ̀rọ kan tó ká kò bí ìgbín, tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì kó lè lágbára. Òun ni mọ́tò àkọ́kọ́ tó fi orúkọ ara rẹ̀ rà, ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó máa ń bá a sọ̀rọ̀ bó bá ń wà á. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, ọ́ìlì ń kán lábẹ́ tọ́bò náà, mo dí i, ó gbẹ, Alhaja sì ṣàdúrà fún mi títí ó fi rẹ̀ mí láti máa ṣe àmín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ló wọ ọgbà wa pẹ̀lú èéfín funfun tó tẹ̀ lé e láti ojú títì márosẹ̀, tó nípọn débi pé a kò rí ẹnu géètì mọ́. Ó sọ̀kalẹ̀, ó mú tẹ̀sùbáà rẹ̀ dání. "Ọkọ mi," báyìí ló máa ń pè mí, "mọ́tò yìí ń rú èéfín, n kò sì rí iná."

Kí n tó dé ìdí mọ́tò, alága ọgbà wa ti dé ibẹ̀. Àgbà ẹlẹ́ńjìnnì ni, ó ti tú ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó bí àwọn mìíràn nínú wa. Kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rárá. Ó ní, "Ó ti ń mu omi. Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti lọ, ẹ́ńjìnnì sì ti bá a lọ. Alhaja, ẹ wá ẹ́ńjìnnì mìíràn." Ó wá yíjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín. "Èéfín nìwà. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ ló ń rú jáde yẹn."

Gbogbo ọgbà rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí dé egungun. Mo sì dá a lóhùn lójú gbogbo wọn pé, "Wàlláhì, ọwọ́ mi ò sí nínú ohun tó ṣe mọ́tò yìí." Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Alhaja ní alága yóò sọ ẹ́ńjìnnì náà kalẹ̀ lọ́jọ́ kejì, bí mo bá ní ohunkóhun láti fi han òun, kí n fi hàn kí wọ́n tó kírun ìrọ̀lẹ́. Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bí ẹ́ńjìnnì yẹn bá fi lè kúrò nídìí mọ́tò, orúkọ mi bá a kúrò ní Kúbwà nìyẹn.

A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, torí náà ibi omi ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, mo ṣí rẹdiétọ̀, omi kún dé ọrùn. Mo ṣáná sí ẹ́ńjìnnì, mo tẹjú mọ́ omi náà, kò hó. Mo fa gééjì ọ́ìlì yọ, ọ́ìlì dúdú bó ṣe yẹ, kò dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, ṣùgbọ́n ó ti lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sídìí sàlẹ́ńsà bí ẹni tó fẹ́ fẹ́ná, mo fa èéfín náà símú. Bí omi rẹdiétọ̀ bá ń jó, òórùn rẹ̀ máa ń dùn bíi ti ṣúgà tó jóná. Eléyìí ta mí lọ́fun. Mo ya páálí kan, mo gbé e sẹ́nu sàlẹ́ńsà, mo sá a sóòrùn. Omi ì bá ti gbẹ. Èyí tó wà lójú páálí kò gbẹ.

Mo ní, "Bàbá, ẹ fọwọ́ kàn án."

Alága fi ìka méjì pa á. "Ọ́ìlì ni," ó gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò túúbá. "Ríìǹgì tó ń dènà ọ́ìlì nínú ẹ́ńjìnnì ló ti jẹ nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì náà ló ṣì ń lọ."

Mo tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń ṣáná nínú ẹ́ńjìnnì, mo tò wọ́n síwájú rẹ̀ lórí àpò sìmẹ́ńtì. Gbogbo wọn gbẹ táútáú. Bó bá jẹ́ ríìǹgì ni, ọ́ìlì ì bá ti rin wọ́n. Ẹ́ńjìnnì kò ní nǹkan kan. Lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì ni ọ́ìlì ti ń wọ sàlẹ́ńsà, ìdí tọ́bò sì ni. Inú mi dùn. Mo wọ abẹ́ mọ́tò láti tú páìpù tí ọ́ìlì máa ń gbà padà láti inú tọ́bò sí ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Bí ojú ọ̀nà yẹn bá dí, kò síbi tí ọ́ìlì náà lè gbà mọ́ àfi inú sàlẹ́ńsà gbígbóná. Mo ti ìka bọ̀ ọ́. Ìka mi kan ohun rírọ̀ kan. Mo fà á jáde, góòmù pupa ni.

Góòmù mi ni. Kò sí gásíkẹ́ẹ̀tì, bébà tí a máa ń tẹ́ sáàárín irin méjì kó má jò, tó bá páìpù yẹn mu ní Kúbwà lọ́jọ́ tí mo ṣe iṣẹ́ náà, mo sì ṣe bí gbogbo wa ti ń ṣe, mo fún góòmù sí i. Nítorí pé ti Alhaja ni, mo tún fún un lé e. Bí mo ṣe de nọ́ọ̀tì, àṣẹ́kù rẹ̀ sún wọ inú páìpù, ó lẹ̀ mọ́bẹ̀, ihò tó kù kò fẹ̀ ju ẹyọ ìgbálẹ̀ kan lọ.

N kò ní purọ́ fún ọ, mo pẹ́ lábẹ́ mọ́tò yẹn. Kò sẹ́ni tó rí mi. Mo lè tẹ góòmù náà mọ́lẹ̀, kí n jáde, kí n ní ìdọ̀tí ló dí páìpù, wọn ì bá sì gbé mi gẹ̀gẹ̀. Mo ń wo bàtà Alhaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Ó bèèrè pé, "Ọkọ mi, ṣé o rí nǹkan?" Ìbúra yẹn wá dìde lọ́kàn mi, ó sì wúwo ju mọ́tò tó wà lókè mi lọ.

Mo jáde, mo la àtẹ́lẹwọ́ mi. "Alhaja, èmi ni. Góòmù tí mo fi dí i ló wọ inú rẹ̀."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, alága pàápàá ò rẹ́rìn-ín. Alhaja mú góòmù náà, ó yí i wò. "O ti búra o."

"Mo búra lóòótọ́, Alhaja. N kò mọ̀ ni."

"Ẹni tí kò mọ̀ kì í búra. Wàá gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ṣe ìtánràn ìbúra yẹn, ọ̀la ni kó o bẹ̀rẹ̀." Ó padà lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. "Tún un ṣe, ká máa lọ."

Mo fọ páìpù náà títí ó fi ń dán. Mo fi òòlù kékeré lu bébà gásíkẹ́ẹ̀tì mọ́ ẹnu páìpù náà, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi gé bá a mu, mo dè é padà. Alhaja fúnra rẹ̀ ló wa mọ́tò jáde sójú títì, mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ́ìlì tó ṣẹ́kù nínú sàlẹ́ńsà kọ́kọ́ rú, ṣùgbọ́n bí eré ṣe ń pọ̀ sí i ni èéfín ń fẹ́lẹ́. Nígbà tí mo tún wẹ̀yìn, àwọn mọ́tò tó ń bọ̀ nìkan ni mo rí, àti eruku. Alhaja fọwọ́ pa sítíárìn. "O ṣeun," mọ́tò ló ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi.

Nígbà tí a padà dé, alága yọ áńkáṣíìfù funfun lápò, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi bo ẹnu sàlẹ́ńsà fún ìgbà pípẹ́. Ó gbé e sókè kí gbogbo ọgbà rí i. Funfun ló lọ, funfun ló bọ̀. Ariwo tí wọ́n pa lọ́jọ́ náà, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ kẹta ààwẹ̀ mi, tí ètè mi ti gbẹ, alága náà ló wá dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní, "Wá bá mi gbóòórùn èéfín kan."

Mo rò pé Alhaja yóò bo ọ̀rọ̀ góòmù yẹn mọ́lẹ̀ fún mi. Kò bò ó. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ rán sí mi, ìtàn yẹn ló máa ń kọ́kọ́ sọ fún wọn, ló fi wá di pé títí di òní, ẹni tí n kò mọ̀ rí á wọlé, á wò mí látòkè délẹ̀, á ní, "Ṣé ìwọ ni mẹkáníìkì tó ba mọ́tò Alhaja jẹ́, tó sì jẹ́wọ́?" Ojú máa ń tì mí tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, mo máa ń gbé sípánà sílẹ̀ ni, kí n tó dá wọn lóhùn sókè dáadáa pé èmi ni.