Ọkọ̀ Oníjòókòó Méjì tí Mo Rà Wá sí Ìlú Ìbejì

Ẹ má bi mí ohun tó kó sí mi lórí. Olùkọ́ ni mí ní Igbó-Ọrà nígbà náà, ní ìparí àwọn ọdún 1980. Mo ti fi alùpùpù rin ọ̀nà Èrúwà títí ó fi sú mi, mo wá pinnu pé ọkọ̀ ló kàn. Ìyàwó mi ti sọ irú èyí tó fẹ́: ọkọ̀ gbọọrọ tí yóò gba ọmọ, gba ẹrù oko, gba àwọn àna. Mo ní mo ti gbọ́. Mo dé Ìbàdàn, ọkọ̀ gbọọrọ náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó mọ́ tónítóní. Àmọ́ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pupa, kò ga kọjá ìbàdí mi, òrùlé rẹ̀ jẹ́ kánfáàsì tí èèyàn lè ká sẹ́yìn, ìjókòó méjì péré ló ní. Irú èyí tí àwọn òyìnbó fi ń sáré ìdíje ni. Ọkàn mi fà sí i, kò sì fà padà mọ́. Ẹni tó ń tà á bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá mo níyàwó. Mo ní kí ló kàn án, mo sanwó, mo wà á wálé.

Mùsùlùmí ni wá nílé wa láti ayé baba-ńlá wa, àṣà wa sì ni pé bí ọmọ bá ra ọkọ̀, ìyá rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gùn ún dé ọjà, tí yóò sì ṣàdúrà sínú rẹ̀, kí ẹlòmíràn tó fìdí kàn án. Ìyá mi jáde wá wò ó. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó yọjú sínú rẹ̀, ó ka ìjókòó.

“Ìwọ nìyí, èmi nìyí. Ìkejì mi ńkọ́?”

Ìbejì ni ìyá mi. Ẹni tó tẹ̀lé e wá sáyé, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú tiwa, Èrúwà ló lọ́kọ sí, Màmá Èrúwà la sì ń pè é. Ní Igbó-Ọrà, ilé wo ni kò sí ìbejì? Láti kékeré la ti ń kọ́ wa pé ohun tí a bá ṣe fún ọ̀kan, ẹsẹ̀kẹsẹ̀ la gbọ́dọ̀ ṣe é fún èkejì. Èmi tí mo dàgbà sáàárín wọn ni mo lọ ra ọkọ̀ tó lè gbé ìyá kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ ìyá méjì ni mo ní lóòótọ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́, àìsàn dá ìyá mi dùbúlẹ̀ fún oṣù méjì, Màmá Èrúwà, tí òun náà ń tọ́mọ lọ́wọ́, ló gbé mi mọ́ra tó ń fún mi lọ́mú.

A ránṣẹ́ pè é, ó wọ bọ́ọ̀sì wá pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú. Mo ní kí n gbé ẹnì kan dé ọjà, kí n padà wá gbé èkejì. Ìyá mi ní kí n kọ́kọ́ gbé ẹ̀gbọ́n òun. Màmá Èrúwà ní ẹni tó bí mi ni kí n kọ́kọ́ gbé. Àwọn méjèèjì fi àáké kọ́rí. Mo bẹ̀, bẹ̀, bẹ̀, inú wá bí mi.

“Ara mi ni mo ra ọkọ̀ fún,” ni mo wí, “n kò rà á fún ìbejì.”

Ìyá mi wọlé. Màmá Èrúwà wọ bọ́ọ̀sì padà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ọkọ̀ náà fi wà lábẹ́ igi máńgòrò. Olórí kunkun ni mí, àmọ́ n kò láyà láti tún wa ọkọ̀ tí ìyá mi kò ṣàdúrà sí. Mo ti ń wá ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ mi. Nígbà tí ara mi kò gbà á mọ́, mo gun alùpùpù lọ sí Èrúwà, mo dọ̀bálẹ̀ fún Màmá, mo ní kí ó dárí jì mí.

Ó ní kí n dìde. “Bí ọkọ̀ èrò bá kọṣẹ́ lọ́nà Lanlate, kí lẹ máa ń ṣe?”

Mo ní a máa ń tì í.

“Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á ṣì máa ṣiṣẹ́?”

Mo ní rárá.

“Awakọ̀ ńkọ́?”

Mo ní nígbà mìíràn, ó máa ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á wà lórí sítíárìn. Ó wò mí títí. “Olùkọ́ ni wọ́n sì ń pè ọ́,” ó wí.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, mo ká kánfáàsì sẹ́yìn. Màmá Èrúwà jókòó sídìí sítíárìn nítorí òun ni ẹ̀gbọ́n, ìyá mi jókòó tì í. Èmi ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo na ọwọ́ kan wọlé mo fi ń darí ọkọ̀, àwọn ọlọ́kadà mẹ́ta ń tì wá lẹ́yìn. Kò pẹ́ tí Màmá fi rí fèrè ọkọ̀. Gbogbo ẹni tó bá kí wọn ló ń fun ún fún lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá mi ń ṣàdúrà pé kí ọkọ̀ náà máa gbé mi lọ, kí ó sì máa gbé mi bọ̀. Omi ń dà lójú mi, mo sì ń dúpẹ́. Láti ọjọ́ náà, kò sí èyí tí kò bá mi gùn ún nínú wọn, ìyàwó mi tó ń pè é ní ọkọ̀ àpọ́n pàápàá ń gùn ún.

Ọdún kejì, nígbà ọyẹ́, Màmá Èrúwà kú. Ìyá mi kò wọ ọkọ̀ náà mọ́.

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, ó jáde láàárọ̀, ó jókòó sí ipò rẹ̀ ọjọ́sí. Mo ṣí ilẹ̀kùn tèmi kí n wọlé. Ó gbé ọwọ́ lé ìjókòó ìdí sítíárìn.

“Má jókòó síbẹ̀,” ó wí. “Tì wá.”

Mo ní kí n pe àwọn ọlọ́kadà. Ó ní èmi nìkan tó. Mo fi èjìká ti ilẹ̀kùn, mo di sítíárìn mú, ọkọ̀ náà sì gbéra. Nígbà tí a kan àwọn tó ń kí wa, ìyá mi na ọwọ́ kọjá ìjókòó tó ṣófo, ó fun fèrè lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ti ọkọ̀ tí mo sọ pé ara mi ni mo rà á fún, mo tì í fún àwọn méjèèjì títí a fi dé ọjà.