Ìgbálẹ̀ tí Wọ́n Gbà Lọ́wọ́ Adéwùnmí

Ẹni tó bá mọ Adéwùnmí ọ̀rẹ́ mi láyé ìgbà yẹn á sọ fún yín pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó. Àwa méjèèjì jọ ṣiṣẹ́ tíṣà ni. Lẹ́yìn tá a fẹ̀yìn tì, bí mo bá ti kírun àárọ̀ tán báyìí, màá gbóhùn ẹ̀ lẹ́nu géètì mi ní Bódìjà: "Ìyá Mánsúrù, jáde o, jẹ́ ká lọ na ẹsẹ̀." A ó rìn títí dé Àgbowó. Á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìrun tí mò ń kí ló jẹ́ kí orúnkún mi le ju tàwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Bí a bá ń bọ̀, a ó ra ọsàn, a ó máa mu ún lọ́nà bí ọmọ iléèwé. Tó bá délé, á tún gbálẹ̀ àgbàlá ẹ̀ látòkè délẹ̀. Ayé yẹn dùn, mi ò ní parọ́.

Nígbà tí ọkọ ẹ̀ kú, Olúdọ̀tun ọmọ ẹ̀ àti Rónkẹ́ ìyàwó ẹ̀ kó wá sínú ilé ẹ̀ kí Màmá má baà dá gbé. Rónkẹ́ lẹ́kọ̀ọ́. Kò lè máa wò kí ìyá ọkọ ẹ̀ máa gbálẹ̀, ló bá gba ìgbálẹ̀. Ó gba korobá. Bí Adéwùnmí bá dìde pé kóun bu omi mu, wọn á ní, "Ẹ jókòó, Màmá, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó." Olúdọ̀tun tún ní kó má rìn mọ́, ọ̀kadà ti pọ̀ jù lójú títì. Èmi nìkan wá ń rìn, àárò ẹ̀ ń sọ mí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo lọ kí i. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó ní òun á sìn mí dé géètì. Kò lè dìde. Ó di àga mú, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń gbọ̀n, ó bú sẹ́kún. Dókítà tí wọ́n gbé e lọ rí ní Ring Road ní kò sí àrùn kan lára ẹ̀, àìlo ẹsẹ̀ ni. Tí kò bá tètè bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, kẹ̀kẹ́ arọ ló kù.

Inú bí mi gan-an. Mo pe Rónkẹ́. "Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ọ̀wọ̀ tẹ́ ẹ ń bù fún un yìí ló fẹ́ sọ ọ́ di arọ. Dá ìgbálẹ̀ ẹ̀ pa dà fún un."

Ó kúnlẹ̀. "Mọ́mì, aráyé ńkọ́? Tí wọ́n bá rí Màmá tó ń gbálẹ̀, tí mo wà nílé, kí ni wọ́n máa pè mí?"

"Ohun tó bá wù wọ́n. Èwo lo fẹ́, orúkọ ẹ ni àbí ẹsẹ̀ ìyá ọkọ ẹ?"

Ó dìde, ó lọ mú ìgbálẹ̀ náà wá.

Láàárọ̀ Sátidé, mo tún débẹ̀. Adéwùnmí ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn. Á gbá díẹ̀, á dúró mí, á tún gbá. Ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe nígbà kan, omi sì lé ròrò sójú mi. Rónkẹ́ dúró tì mí, ó káwọ́ gbera. Obìnrin àdúgbò kan tó ń kọjá lọ dúró, ó wo Rónkẹ́ tìkà-tẹ̀gbin.

"Ìyàwó, àgbàlagbà ń gbálẹ̀, o káwọ́ gbera ò ń wò ó níran? Irú ọmọ wo nìyí?"

Mo fẹ́ fún un lésì. Rónkẹ́ rọra dì mí lọ́wọ́ mú, ó wá kúnlẹ̀ kí obìnrin náà. "Ẹ má bínú, mà," ó ní. "Ọ̀lẹ ni mí."