Ìwé Aláwọ̀ Dúdú tí Máyọ̀kún Yàn

Bí wọ́n bá ní kí ẹ ka àwọn ọmọlúàbí inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọ kan tó wà lápá Ìkẹ́nnẹ́ nígbà náà, ẹ ò ní í pẹ́ kí ẹ tó dé orí Ọ̀gbẹ́ni Máyọ̀kún, olùkọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn. Kì í mu ọtí, kì í mu tíì, oòrùn ọjọ́ Ẹtì kì í sì í wọ̀ bá a lẹ́nu iṣẹ́, nítorí ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìsinmi ìjọ wọn. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe é: ìtàn àròsọ. Kì í ṣe ìtàn tó ní ẹ̀kọ́ nínú o. Ìtàn ilẹ̀ tí kò sí níbì kankan láyé ni, níbi tí igi ti ń sọ̀rọ̀, tí àjẹ́ ń gun afẹ́fẹ́, tí dírágónì sì ń jẹ orúkọ ènìyàn bí ẹni jẹ ẹ̀pà.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń lọ sí Kánádà ló kó o ràn án. Ó fún un ní apá kìíní ìtàn gígùn kan tó jẹ́ alápá mẹ́ta. Apá kìíní yìí parí síbi tí ọmọbìnrin ọba kan ti rọ̀ mọ́ okùn lókè ẹnu dírágónì, okùn sì ń já lọ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rẹ́ ti wọ bàálù, apá kejì kò sí. Bí ọmọ ọba ṣe wà lórí okùn nìyẹn, láti ìgbà tí bẹntiróòlù ṣì wà nílé epo títí di ìgbà tí àwọn ènìyàn ń sùn ti mọ́tò wọn lórí ìlà nítorí rẹ̀.

Nígbà tí Máyọ̀kún gbọ́ pé Lìádì òǹtàwé ti tú ẹrù ìwé tòkúnbọ̀ tuntun, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ṣàgámù. Ọmọ olóbì ni Lìádì, ní àdúgbò Ẹ̀pẹ́ nínú Ṣàgámù níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ fi ìdajì ìsọ̀ obì lé e lọ́wọ́, òun náà sì fi ìwé títà kún un. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ìwé rẹ̀ fi ń rùn bí ewé tí wọ́n fi ń di obì. Lìádì kò ka ìwé kan tán rí. Bí bàbá rẹ̀ ṣe ń yẹ obì wò ni òun náà ń yẹ ìwé wò: ó ń wo àwọ̀ rẹ̀, ó ń fọwọ́ wọ̀n ọ́n, ó ń wò ó bóyá kòkòrò ti wọ̀ ọ́.

"Tíṣà, ẹ káàbọ̀ o! Ìtàn yín ti dé," ni Lìádì wí. "Oríṣi méjì ló sì dé. Ẹ yan èyí tó bá wù yín."

Ó gbé àkọ́kọ́ kalẹ̀: ìwé mẹ́ta tó fúyẹ́, tí lẹ́tà inú wọn tóbi dáadáa. Ṣùgbọ́n sára èèpo ẹ̀yìn apá kejì, wọ́n ya dírágónì tó ń pọ iná, ọmọbìnrin kan sì dúró níwájú rẹ̀ tí aṣọ ara rẹ̀ kò tó ohun tí à ń pè ní aṣọ. Máyọ̀kún yí i dojú bolẹ̀ kíákíá. Ó ti ń rí Arábìnrin Fẹ̀hìntọlá, akápò ìjọ tó ń gbé nílé kejì sí i, bí yóò ti máa na ọrùn láti wo ohun tí òun ń kà.

"Èkejì ńkọ́?"

Ọwọ́ méjèèjì ni Lìádì fi gbé e. Odindi ìtàn náà ni wọ́n dì pọ̀ sínú ìwé kan ṣoṣo. Awọ dúdú ni wọ́n fi bò ó, etí ewé rẹ̀ ń dán bíi wúrà, rìbọ́ọ̀nù pupa sì rọ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Kò ní àwòrán. Àkọlé rẹ̀ gan-an ti pa rẹ́. Lẹ́tà inú rẹ̀ kéré bí ẹyin èèrà.

"Èyí ni kí ẹ mú, Tíṣà. Ẹ gbé e wò, ó wúwo! Ìwé tó bá fúyẹ́, ọgbọ́n inú rẹ̀ ló ti gbẹ, bí obì tó pẹ́ nínú agbọ̀n."

"Lẹ́tà rẹ̀ kéré jù."

"Ojú yín ni yóò túbọ̀ mú. Àbí ìtàn tó já sí mẹ́ta lẹ fẹ́? Bí ẹnì kan bá yá apá kejì lọ tí kò dá a padà ńkọ́?"

Máyọ̀kún sọ fún ara rẹ̀ pé nítorí kí ìtàn má baà pínyà ni òun ṣe mú ti dúdú. Ó tún un sọ nínú bọ́ọ̀sì, nítorí ó mọ̀ pé irọ́ ni.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé Bíbélì ni. Kò sì sọ pé Bíbélì kọ́. Kò pẹ́ tí òkìkí rẹ̀ fi kàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń rí i lábẹ́ igi máńgòrò, ó tẹ orí ba, ètè rẹ̀ ń mì. Lọ́jọ́ tí okùn ọmọ ọba já, ó lọgun "Yéè!" láàárín ìwàásù, àwọn ìyá ìjọ sì dáhùn pé "Ògo!" Wọ́n fi í jẹ olórí ẹgbẹ́ aláàdúrà. Ìyàwó rẹ̀, Àpínkẹ́, nìkan ni kò bá wọn yìn ín.

"Bàbá Ṣìkẹ́mi," ni ó wí, "láti ìgbà tí ẹ ti ń kàwé mímọ́ tọ̀sán-tòru, iyọ̀ inú ọbẹ̀ lẹ ṣì ń bá mi jà lé lórí."

Ní Ọjọ́ Ìsinmi kan, ẹ̀kọ́ bọ́ sínú ìwé Ìfihàn. Alàgbà Ọláníyọnu, ẹni tó le jù nínú àwọn alàgbà, gbàgbé Bíbélì tirẹ̀ sílé. Ó na ọwọ́ gba ti Máyọ̀kún lórí itan rẹ̀ kí onítọ̀hún tó lè mí. Ibi tí rìbọ́ọ̀nù wà ló ṣí, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí dírágónì.

"Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà!" Ó ń kà á, ó ń túmọ̀ rẹ̀ láti èdè Òyìnbó. "'Dírágónì ńlá náà sì gbé orí sókè láti inú omi, ilẹ̀ sì mì tìtì...'"

"Àmín!"

"'...ọmọbìnrin náà sì fa idà yọ, ó wí pé, Ìwọ aláǹgbá rádaràda yìí...'"

Àmín tó tẹ̀lé ìyẹn kò dún dáadáa. Alàgbà wá nọ́ńbà ẹsẹ, kò rí i. Ó wo Máyọ̀kún, tí òógùn ti bò bí ẹni tó rì sódò. Ó pa ìwé dé.

"Kí Olúwa bùkún kíka ọ̀rọ̀ rẹ̀," ni ó wí, ó sì fi ìwé há abíyá. Kò dá a padà.

Ní ọjọ́ kejì, Máyọ̀kún lọ dọ̀bálẹ̀ nílé Alàgbà.

"Ẹ dárí jì mí, sà. Ìwé ìtàn lásán ni."

"Ìwé àjẹ́ ni!" Ojú Alàgbà pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn. "Mo ti kà á dé ibi tí wọ́n ti sun ìlú ọba níná. Ohun búburú gbáà! Mo gbọ́dọ̀ kà á tán, kí n lè mọ bí ibi náà ti jinlẹ̀ tó."

"Wọ́n sun ìlú ọba, sà?" Máyọ̀kún fúnra rẹ̀ kò tíì dé ibẹ̀.

"Dákẹ́! Lọ máa gbàdúrà."

Pásítọ̀ gbọ́, ó sì fi Arábìnrin Fẹ̀hìntọlá kún Alàgbà láti ṣèwádìí ìwé náà. Wàhálà dé, nítorí ẹyọ kan ni ìwé. Fẹ̀hìntọlá ń lọ sílé Alàgbà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ó ní iṣẹ́ ìwádìí òun ń pẹ́. Alàgbà ń fi ìwé sábẹ́ ìrọ̀rí, ó ní òun kò tíì parí tòun. Nígbà tó yá, wọn kò kí ara wọn mọ́ nínú ilé Ọlọ́run.

Pásítọ̀ bá pè wọ́n jọ, pẹ̀lú Máyọ̀kún. Ó mú abẹ, ó sì gé ìwé náà sí mẹ́ta. Bí abẹ ṣe ń la awọ dúdú náà já, ó ń ṣe Máyọ̀kún bí ẹni pé ara òun ni wọ́n ń gé.

"Alàgbà, ẹ mú ti ìparí. Arábìnrin, ẹ mú ti àárín. Máyọ̀kún, ìwọ lo mọ ọ̀nà inú igbó yìí, ìwọ ni ẹlẹ́ẹ̀kẹta ìgbìmọ̀. Gba ti ìbẹ̀rẹ̀." Pásítọ̀ gbọnwọ́. "Bí ẹ bá ti ń ṣe tán, ẹ máa kó o wá fún mi. Èmi náà ní láti wádìí."

Ti ìbẹ̀rẹ̀! Èyí tí Máyọ̀kún ti kà títí ó fi há a sórí. Ó fẹ́ ṣàlàyé, ó wo ojú Pásítọ̀, ó sì gbà á tọpẹ́tọpẹ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó gbé àga síwájú ilé níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé àkọ́kọ́. Àpínkẹ́ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kọjá.

"Bíbélì wo tún nìyẹn?"

"Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ ni," ni Máyọ̀kún dáhùn, ó sì fa àga rẹ̀ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ gbé pọ̀.