Abúlé Pépà Tí Jọọlá Fọ́n Lọ́fínńdà Sí

Jọọlá ń gún pépà nínú odó, ó sì ń tutọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìwé ìròyìn àtijọ́ ló rẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, ṣùgbọ́n omi òjò ti tán nínú dúrọ́ọ̀mù, omi odò ló bù, epo rọ̀bì sì léfòó sójú rẹ̀. Nígbà tí pépà yóò fi kúnná bí ògì, òórùn rẹ̀ kọjá àfẹnusọ. Ìríra gbáà!

Ẹja ni Jọọlá ń yan tẹ́lẹ̀ lábúlé wọn létí omi lẹ́bàá Molutehin, kí ẹja tó wọ́n. Ìgbà tí ẹja wọ́n ló gbẹ́ ihò kéékèèké sára igi, tó ń tẹ pépà tó pò mọ́ sitaaṣi sínú wọn, tó ń fi ṣe ọkọ̀ ojú omi ìṣeré tí àwọn tíṣà ń rà fọ́mọ wọn.

Wàyí o, odindi abúlé ló ń ṣe. Àwọn àlejò ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ láti yan abúlé kan tí wọn yóò gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún. Ògúnlànà, ọ̀gá wọn, ní òun ò ní wọ ọkọ̀ ojú omi, kí abúlé kọ̀ọ̀kan mọ ara rẹ̀ ní kékeré, kó gbé e wá sí Igbókòdá. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ rírùn! Ẹni tó fẹ́ fúnni lómi, omi ń bà á lẹ́rù.

Jọọlá tẹ òrùlé, òpó àti afárá pákó jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kùn wọ́n lọ́dà, òórùn epo ò lọ.

"Iye, ẹ jẹ́ ó rùn bẹ́ẹ̀," ni Godwin ọmọ rẹ̀ wí. "Bá a ṣe ń gbé nìyẹn."

"Kí àlejò bo imú lọ́dọ̀ mi? Wọn ò tọ́ mi bẹ́ẹ̀!"

Lọ́dọ̀ tiwọn, bí àlejò bá bo imú, onílé ti tẹ́. Ó fọ́n odindi ìgò lọ́fínńdà sí i.

Nínú gbọ̀ngàn ní Igbókòdá, Ògúnlànà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abúlé náà, ó fa imú, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ kú iṣẹ́, Mama. Abúlé yín mọ́ tónítóní, ó tún ń ta sánsán! Ẹ̀yin ò níṣòro omi rárá."

"Sà, lọ́fínńdà ni mo..."

Ó ti kọjá sí tábìlì kejì. Akọ̀wé rẹ̀ fa igi lé orúkọ abúlé wọn.

Jọọlá sáré jáde, ó bì sẹ́yìn gbọ̀ngàn. Ara rẹ̀ gan-an ló kó o nírìíra. Ilé ọgọ́rin ló tẹ̀ jáde, ó sì mọ ẹni tó ń gbé inú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òun ló gba omi mọ́ gbogbo wọn lẹ́nu.