Àwọn Ọmọ Tó Ń Jókòó Kọjú sí Ògiri ní Kugbo

Wọ́n ní Ràdíátù ti fi àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ṣe oògùn owó. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ní ọjà àga Kugbo búra pé òun fi ojú òun rí i: Rahmah lórí àga kan, Saeed àbúrò rẹ̀ lórí èkejì, wọ́n kọjú sí ògiri, wọn kò mira, wọn kò fọhùn, láti àárọ̀ Sátidé títí di ìrun ọ̀sán. Ẹni kejì bu iyọ̀ sí i: ó ní bí wọ́n bá ti dìde, tí èèyàn bá gbé tìmùtìmù àga náà sókè, owó tuntun ló máa ń wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fi máa dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́ja ní Kado, Ràdíátù ti kọ ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ sí orúkọ ara rẹ̀, ejò kan sì ti ń gbé nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ẹ jẹ́ ká fi ejò yẹn sílẹ̀ ná, ká sọ ti obìnrin náà.

Obìnrin kúkúrú ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Bí Ràdíátù bá kí ọ ní "sànnu", kó o tó dáhùn "yauwa", ó ti béèrè àwọn ọmọ rẹ, ó ti bá ọ tún gèlè ṣe, ó sì ti sọ fún ọ pé bàtà rẹ kò bá aṣọ rẹ mu. Ṣítù, ọkọ rẹ̀, ló máa ń dákẹ́ ní tiẹ̀. Ogún ọdún ló fi ta àga lẹ́bàá títì Nyanya, kò sì sí àga tó jáde nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ jókòó sórí rẹ̀ fún ìdajì ọjọ́. "Ojú lè purọ́," ni ó máa ń wí, "ìdí kì í purọ́."

Ọdún 2013 ni Ṣítù kú. Àwọn àáfà pín ogún rẹ̀; Ràdíátù gba ìpín tirẹ̀, ṣọ́ọ̀bù Kugbo sì bọ́ sọ́wọ́ Rahmah àti Saeed. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n Ṣítù, Alájì Múfútáù, tí àwọn ọmọ ń pè ní Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́, ló di ìwé ṣọ́ọ̀bù náà mú. Ó ní ẹ̀sìn ti là á kalẹ̀ pé a kì í kó dúkìá lé ọmọ òrukàn lọ́wọ́ láìdán an wò. Ta ni yóò bá a jiyàn? Rahmah jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún, Saeed jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ìwé ni Rahmah ń kà. Fóònù ni Saeed ń kà.

Kò pẹ́ tí Saeed fi ṣe ohun tó ṣe. Àwọn pákó kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí bàbá rẹ̀ tò sábẹ́ páànù, tó fi igi wẹ́wẹ́ là wọ́n láàárín kí atẹ́gùn lè máa gba ibẹ̀ kọjá. Odindi ọdún mẹ́ta ló ti ń gbẹ. Saeed wò ó, ó ní igi àtijọ́ ni, ó sì fẹ́ kí ẹ̀yìnkùlé mọ́. Ó pe onísùúyà pé kó wá kó o. Kí Ràdíátù tó dé, pákó ọlọ́dún mẹ́ta ti ń yan ẹran.

"Mọ́mì, mo tún ẹ̀yìnkùlé ṣe o," Saeed wí, sùúyà wà lọ́wọ́, ẹ̀rín wà lẹ́nu.

Ràdíátù wo òkìtì eérú. Ó mú ẹran kan nínú bébà tó wà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó jẹ ẹ́.

"Ó dùn," ó ní. "Ó yẹ kó dùn. Ọdún mẹ́ta bàbá rẹ ni wọ́n fi yan án."

Saeed tu èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ sínú bébà.

Ọ̀rọ̀ náà dé Ògbómọ̀ṣọ́ kí èéfín tó tán. Alájì pè. "Ìyàwó, a ó ta ṣọ́ọ̀bù náà, a ó fi bá wọn ra ilẹ̀. Ilẹ̀ kò ṣeé fi yan ẹran."

Ràdíátù kúnlẹ̀ ti fóònù bí ẹni pé Alájì ń wò ó. "Alájì, mo bẹ̀ yín, ẹ fún mi ní ọdún méjì."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ kọ́ wọn ní ìjókòó."

Bí ìjókòó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní gbogbo Sátidé, fóònù á wọ inú báàgì Ràdíátù, ọmọ kọ̀ọ̀kan á jókòó sórí àga tí wọ́n fẹ́ tà, yóò kọjú sí ògiri kó má baà máa wo èrò títì. Bí wọ́n bá ti pe ìrun, ìyá wọn á bi wọ́n léèrè.

"Rahmah, kí ni àga rẹ wí?"

"Ó ní tìmùtìmù òun ti rọ̀ jù, Mọ́mì."

"Saeed?"

"Tèmi ò sọ nǹkan kan o. Ẹ̀yìn ló ń dùn mí."

"Ṣé o rí i? Ó sọ̀rọ̀, ìwọ lo ò gbọ́."

Wọ́n kọ́ bí a ṣe ń ra igi, bí a ṣe ń fi bébà oníyanrìn họ ọ́, bí a ṣe ń kọ̀ fún oníbàárà tó ń kánjú. Saeed ra pákó tuntun, ó tò ó sábẹ́ páànù bíi ti bàbá rẹ̀, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọjọ́ sí i lára. Onísùúyà kì í kọjá láìfi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Kai, Saeed, igi mi ńkọ́?" Saeed á dá a lóhùn: "Gbìyànjú ẹ̀, ìwọ ni màá yan!"

Ìparí ọdún 2015 ni ọdún méjì náà pé. Ìyáàfin Fẹ̀yìntọlá, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, fẹ́ ṣí gbọ̀ngán kan ní Lokogoma, ó sì ní kí àwọn ọmọ náà ṣe ogójì àga fún òun. Wọ́n kó pákó tí Saeed tò fún káfíńtà wọn. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n kó o lọ, Alájì dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, ìwé ṣọ́ọ̀bù wà nínú àpò agbádá rẹ̀.

"Bí àga wọ̀nyí bá dójú tì wá, mo ti rí ẹni tó máa ra ṣọ́ọ̀bù," ó ní. "Ìyàwó, àdánwò àwọn ọmọ ni, kì í ṣe tìrẹ. Bí mo bá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu rẹ, ó ti parí."

Kí wọ́n ní kí Ràdíátù dákẹ́! Ṣé ìyà tún kù lẹ́yìn ìyẹn? Ó gbé àtẹ ẹ̀wà lé ẹsẹ̀, ó ń ṣà á.

Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó, láti àga dé àga. Ọyẹ́ ti mú nígbà náà. Bí Saeed ṣe jókòó sórí àga kan báyìí, Ràdíátù gbọ́ ọ: *kín*. Ó kéré, bíi ti èkúté tó ń lálàá. Igi tútù! Ọyẹ́ ti ń fà á, oríkèé rẹ̀ ti ń là. Bí èyí bá dé Lokogoma, kò ní lo oṣù kan tí yóò fi da àlejò sílẹ̀. Saeed kò dìde.

Ràdíátù wúkọ́.

Ó tún wúkọ́.

"Ìyàwó," Alájì wí, "ikọ́ yìí ti ń sọ̀rọ̀ jù."

Ràdíátù ti ń da ẹ̀wà nù, ó ń kó òkúta sínú abọ́. Saeed yí ìdí padà. Ó tún yí i. Ó dìde, ó fi ọwọ́ kan gbé àga náà, ó fi ọwọ́ kejì gbé àga míì tó jọ ọ́, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ bí òṣùwọ̀n.

"Àǹtí Rahmah, ẹ wá jókòó síbí."

Rahmah jókòó, ó di ojú. "Igi tútù ni. Kì í ṣe pákó tiwa."

Wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ wò, wọ́n ya méjìlá sọ́tọ̀. Káfíńtà dọ̀bálẹ̀, ó ní pákó gbígbẹ ló tán mọ́ òun lọ́wọ́, òun sì fi òmíràn parí rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

"Ọ̀dà kan náà ló wà lára gbogbo wọn," Alájì wí. "Ta ló máa mọ̀?"

"Bàbá, àwa ti mọ̀," Rahmah dáhùn.

Saeed gba fóònù rẹ̀ nínú báàgì ìyá rẹ̀, ó pe oníbàárà. "Ẹ káàsán, Màmá. Àga méjìdínlọ́gbọ̀n ti ṣetán. Méjìlá ò dáa, a ò ní kó o wá." Obìnrin náà pa fóònù. Alájì mi orí. Ràdíátù gbé òkúta kan sẹ́nu, ó rò pé ẹ̀wà ni.

Kò pé wákàtí kan, ọkọ̀ kan dúró. Ìyáàfin Fẹ̀yìntọlá wọlé láìkí ẹnikẹ́ni, ó jókòó sórí àga kan lára àwọn tó dáa. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó bọ́ sórí ọ̀kan nínú àwọn méjìlá. *Kín*. Ó dìde.

"Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣiṣẹ́ ìjọba," ó ní. "Mi ò rí ọlọ́jà tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọjà òun ò dáa rí. Ẹ máa gbẹ igi yín. Màá dúró de méjìlá mi, kẹ́ ẹ sì fi ogún míì kún un."

Alájì dìde, ó yọ ìwé náà nínú àpò, ó gbé e lé ọwọ́ Rahmah, ó sì fi ọwọ́ Saeed lé e lórí.

"Ìyàwó, o lè sọ̀rọ̀ báyìí."

Ràdíátù la ẹnu. Omijé ló kọ́kọ́ dé, ẹ̀rín tẹ̀ lé e, ohùn sì wá gbẹ̀yìn: "Alájì, òkúta lẹ máa jẹ lálẹ́ yìí o. Ẹ̀wà ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀."

Títí di òní, bí àwọn ẹlẹ́ja Kado bá bi í nípa ejò inú kọ́bọ́ọ̀dù, á ní ó ti bímọ, ìbejì ni, ara wọn sì le. Ṣùgbọ́n orúkọ Rahmah àti ti Saeed ló wà nínú ìwé ṣọ́ọ̀bù náà. Orúkọ Ràdíátù kò sí níbẹ̀.