Iyẹ̀pẹ̀ Ìdí Tòmátì

"Rọra, má gbọn iyẹ̀pẹ̀ ìdí ẹ̀ nù." Bí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣe máa ń sọ nìyẹn tí a bá ń ṣí tòmátì wọn tó ti dàgbà láti inú rọ́bà ọ̀dà kékeré sí ńlá. "Èyí tó ti ń so, tí iyẹ̀pẹ̀ ìdí ẹ̀ bá ti dànù, ó parí."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi yìí kan náà ló ta ilẹ̀ bàbá wọn tó wà nídìí kànga àtijọ́ ní Addo. A ò tíì ṣe fídáù ogójì ọjọ́ bàbá mi tí wọ́n fi ta ìpín tiwa mọ́ ọn. Ìyá mi kó wa lọ háyà yàrá kan ní Ajah. Síbẹ̀, ìyá mi máa ń rán mi lọ ràn wọ́n lọ́wọ́, pé ẹbí ni.

Sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi lẹ gbogbo àgbàlá wọn, rírà ni wọ́n ń ra iyẹ̀pẹ̀. Lọ́jọ́ kan, lébìrà kan gbé àpò kan wá. Wọ́n bù ú, wọ́n fọwọ́ fún un, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Iyẹ̀pẹ̀ gidi. Níbo lo ti rí i?"

"Sáìtì wa ní Addo ni, Bàbá. A ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé nídìí kànga àtijọ́ kan."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu wọn. Mo wò wọ́n, wọn ò wò mí. Wọ́n sọwọ́ bàpò, wọ́n sanwó, wọ́n ní kó tún gbé òmíràn bọ̀ lọ́la.