Ọwọ́ Tí Mo Nà Sókè

Òórùn aró ló kọ́kọ́ máa ń gba imú mi tí mo bá ti rántí Òṣogbo. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, mo yà sí agbo ilé Sìkírá, ọ̀rẹ́ mi, ká jọ lọ sílé ẹ̀kọ́. Aláró ni ìyá rẹ̀. Mo bá Sìkírá lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń bá a fún àdìrẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò. Èmi dúró lókèèrè nítorí aṣọ ilé ẹ̀kọ́ mi. Sìkírá fi ọṣẹ dúdú fọ ọwọ́ títí, ọwọ́ ò mọ́, a bá sáré lọ bẹ́ẹ̀.

Mi ò tíì pé oṣù mẹ́ta nílé ẹ̀kọ́ náà. Iléṣà la ti kó wá, nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ bàbá mi wá sí Òṣogbo. "Ọmọ Òṣómàáló" ni gbogbo kíláàsì ń pè mí, wọ́n á tún lóṣòó bí Ìjẹ̀ṣà tó wá sin owó, kó lè dá mi lójú pé èmi ni wọ́n ń bá wí. Sìkírá nìkan ni kì í ṣe é. Mo fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ kí n má parọ́, àwọn yòókù ló wù mí kí wọ́n fẹ́ràn mi. Màmá mi náà kì í yé sọ pé, "Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Lọ bá ẹgbẹ́ rẹ ṣe."

Nígbà tí a ti ibi àdúrà òwúrọ̀ wọlé, íǹkì búlúù ti dà sórí rẹ́jísítà tíṣà wa. Ó fa pàṣán yọ. Ó ní bí òun ò bá mọ ẹni tó dà á, ẹgba mẹ́fà mẹ́fà ni gbogbo wa máa jẹ. Ẹnì kan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn: "Sà, ẹ wo ọwọ́ Sìkírá."

"Aró ni, sà!" Sìkírá fò dìde. "Aró ìyá mi ni. Fọlákẹ́ wà níbẹ̀. Fọlákẹ́, wí fún wọn!"

Tíṣà ò tiẹ̀ wò mí. Ó ní, "Ẹni tó bá mọ̀ pé Sìkírá ló dà á, kó nawọ́ sókè."

Ọmọ Òṣogbo ni wọ́n, kò sí èyí tí kò mọ bí ọwọ́ aláró ṣe ń rí. Síbẹ̀ ọwọ́ kan gòkè, òmíràn tẹ̀ lé e, títí ó fi ku tèmi nìkan. Mo wẹ̀yìn, mo wo ẹ̀gbẹ́. Gbogbo ojú wà lára mi. Mo nawọ́ sókè.

Ẹgba méjìlá ni Sìkírá jẹ. Ìyá rẹ̀ ní òun ò rán ọmọ lọ síbi tí wọ́n ti ń nà án nítorí iṣẹ́ ìyá rẹ̀ mọ́, bó ṣe fi ìwé sílẹ̀ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó pè mí ní ọmọ Òṣómàáló mọ́. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, àmọ́ inú mi dùn.

Lónìí, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni mí n'Íléṣà. Wọ́n ní mi ò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, pé ohun tó bá wà nínú mi ni mò ń sọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n níbi tí mo jókòó sí báyìí, èmi ni àwọn èèyàn ń wojú rẹ̀ kí wọ́n tó sọ tiwọn. Ẹ dá mi padà sórí bẹ́ńṣì yẹn, láàárín àwọn ọmọ yẹn, mi ò lè fi Bíbélì búra pé màá fi ọwọ́ mi sílẹ̀ sórí itan.